Kí Ló Wà Nínú Àpótí Rẹ?

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí ọmọ wa bá ra ohun tí a fi ń wádìí ọ̀la wọ ilé, ǹjẹ́ ẹnu wa gbà á láti bá a wí?

Arábìnrin kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe Kérésìmesì. Níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù, ìyá rí àpò kékeré kan. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀, àmì sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ní runes ni wọ́n ń pè é, òun fi ń wádìí bí ọ̀la yóò ṣe rí. Ó ní ó pẹ́ kí òun tó yàn án: òun wo ti igi, òun wo ti òkúta, títí òun fi rí èyí tí ọkàn òun fà mọ́.

Ìyá figbe ta: “Ìwọ ọmọ tí mo fi àdúrà tọ́! O wá ń dífá nílé òyìnbó?”

Ọmọ dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Màámi. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín?”

Ìyá kò lè fọhùn. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni, tí a fi aṣọ funfun dì. Ó rà á ní Òṣogbo ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì ń dà á lóru. Ọkọ ti gbádùn, ó ti di díákónì, ṣùgbọ́n ẹyọ kò kúrò nínú àpótí.

ÒKÚTA ÒYÌNBÓ, ẸYỌ TIWA

Lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù ni runes, tí wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta àti igi. Ní 1982, Ralph Blum, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lé e lórí, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ àpò runes. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún, ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù 256: ọdún púpọ̀ ni babaláwo fi ń kọ́ ọ. UNESCO pàápàá kọ Ifá mọ́ àwọn àjogúnbá ayé ní 2008. A kò ní bú ìmọ̀ yẹn, a kò sì ní bú àwọn aládùúgbò wa ní Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú Kristi, ta ni yóò bi nípa ọ̀la? Deutarónómì 18:10-12 kò ya òkúta Lọ́ńdọ̀nù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹyọ Òṣogbo.

Ẹ rántí Sọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ ló lé àwọn abókùúsọ̀rọ̀ kúrò nílùú, òun náà ló pa ara dà lọ sí Ẹ́ńdórì lóru (1 Sámúẹ́lì 28). Kì í ṣe pé kò mọ òfin. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe owó ló ń ra nǹkan wọ̀nyí, ìbẹ̀rù ni! Ìwé ìgbélùú ọmọ yìí kò tíì jáde, kò sì rẹ́ni sọ fún.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ tó bá a wí.

2. Ẹ jẹ́wọ́ tiyín. Ní Éfésù, ìwé ara wọn ni wọ́n kó jáde sun, iye rẹ̀ jẹ́ 50,000 owó fàdákà (Ìṣe 19:19). Wọn kò tà á fún ẹlòmíràn kí owó wọn má bàa ṣòfò.

3. Ohun tó jẹ́ ti ẹbí, ẹ má ṣe dáná sun ún. Kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn àgbà pé ẹ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀. Bàbá sunkún. Wọ́n kó òkúta àti ẹyọ pọ̀, wọ́n dà wọ́n sí ṣáláńgá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kúnlẹ̀. Ìwé náà kò tíì jáde nígbà tí ọmọ padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń pe ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà.

Ìwọ òǹkàwé ńkọ́? Kí ló wà nínú àpótí rẹ? Kí Olúwa gbà wá lọ́wọ́ ìbẹ̀rù ní orúkọ Jésù. Àmín.