Àwọ̀ Inú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ju Àwọ̀ Èèpo Lọ

Bí oníbàárà bá dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, èèpo ni í kọ́kọ́ wò. Bó bá pọ́n dáadáa, á ná an. Bó bá ti dúdú, á ní ká dín owó. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ nílò kò sí lára èèpo, inú ló wà.

Fítámì A là ń wí. Ọmọ tí kò bá rí i jẹ tó kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru á sì máa mú un le. Bó bá pẹ́ jù, ojú lè fọ́ pátápátá.

Nínú àgbagbà, ohun kan tí wọ́n ń pè ní kàrótíìnì ló wà. Ara wa ló ń sọ ọ́ di fítámì A. Òun náà ló ń fún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ láwọ̀. Bí inú rẹ̀ bá ṣe pọ́n bíi pupa ẹyin tó, bẹ́ẹ̀ ni kàrótíìnì máa ń pọ̀ tó. Nínú ìwé ìwọ̀n oúnjẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà, gíráàmù 100 àgbagbà pípọ́n tí a kò tíì sè ní nǹkan bí máíkrógíráàmù 56. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní 3 péré. Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò 300 lóòjọ́. Àgbagbà ń gbìyànjú, àmọ́ òun nìkan kò tó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ ṣòfò.

Kí ló ń mú un pọ̀ tàbí dín?

Èkíní, irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó títí dé Òkè-Ako ló ń gbin àgbagbà sáàárín kòkó kékeré kó lè ṣíji bò ó. Bí ìyá bá ti rí ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń rí. Kí ẹ tó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bẹ ẹyọ kan wò. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n jù ni kí ẹ mú.

Èkejì, pípọ́n. Bí èèpo bá kúrò ní tútù tó pọ́n, àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ ló ṣá. Kì í ṣe pé fítámì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kábáìdì tí àwọn kan fi ń pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo nìkan ló ń tàn yín. Májèlé lè wà nínú rẹ̀, NAFDAC sì ti kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, oòrùn. Ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ooru ni ọ̀tá kàrótíìnì. A mọ̀ pé èlùbọ́ ló ń gba owó wa là nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ̀ lọ́jà, a ò ní kẹ́ ẹ má sá a. Ṣùgbọ́n ẹ gé e tín-ín-rín kó lè tètè gbẹ, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ ìbòji, ẹ dì í pa dáadáa síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ní rí i, kẹ́ ẹ sì tètè tà á.

Ẹ̀kẹrin, ìdáná. Omi kì í yọ́ kàrótíìnì, nítorí náà sísè kì í kó o dànù. Iná tó le tó sì pẹ́ ló ń bà á jẹ́. Dòdò tó bá ti jó dúdú ti pàdánù púpọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, epo. Láìsí ọ̀rá díẹ̀ nínú oúnjẹ, ara kò lè gba kàrótíìnì dáadáa. Epo pupa ló dára jù, nítorí kàrótíìnì pọ̀ nínú òun gan-an. Àmọ́ bí ẹ bá gbé epo sórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi funfun, ẹ ti jó fítámì rẹ̀ dànù.

Ẹ fi ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti ẹyin kún un. Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn fún oògùn fítámì A lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ẹ̀yin tó ń tà, ẹ máa bẹ ẹyọ kan síwájú àtẹ kí oníbàárà rí inú rẹ̀. Bó bá ti mọ ohun tó ń rà, kò ní máa fi èèpo nìkan ná yín mọ́.