Ìdílé Míṣọ́nnárì ní Ìhà Méjèèjì Ogun Ìjàyè

Ẹni tí ó bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn lónìí yóò gba Ìjàyè kọjá. Kìlómítà 65 ni ọ̀nà náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún un ṣe tí wọ́n fi ṣí i ní ọdún 2021. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tí ó so Mọ́níyà pọ̀ mọ́ Èkó. Àgbẹ̀ tí ń kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti àwọn abúlé Akínyẹlé lọ sí ọjà lè má ro ohun kan ju owó ọkọ̀ lọ bí ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n láàrín Ìbàdàn àti Ìjàyè yìí kan náà, ní ọdún 1860, àwọn ìdílé míṣọ́nnárì wà ní ìhà kìíní àti ìhà kejì ogun kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ẹgbẹ́ kan náà ni ó sì rán wọn wá.

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn bí ìhìnrere ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ ọkọ ni a sábà máa ń rí. A ó kà pé ó dé, pé ó kọ́ ilé ìjọsìn, pé ó túmọ̀ ìwé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a máa ń gbọ́ nípa ẹni tí ó ń wá oúnjẹ sínú ilé náà, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ nínú yàrá kejì, àti ọmọ tí a bí tí a sì sin láàrín ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé agbo ilé ni a ń rán lọ sí òkè òkun, kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn tí ó wá sí agbègbè wa yìí ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ.

David Hinderer jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, láti agbègbè Württemberg. Ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an wá, ó sì dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1849. Ní ọdún 1851 ó bẹ Ìbàdàn wò, ìlú àwọn jagunjagun, àwọn olóyè sì gbà pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ Anna Martin ní oṣù kẹwàá ọdún 1852. Ọmọ Norfolk ni Anna, ìyá rẹ̀ sì ti kú láti ìgbà tí ó wà ní kékeré. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí àwọn méjèèjì fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó fi di ìdajì ọdún 1853, wọ́n ti wà ní Ìbàdàn.

Ní Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí, níbi tí Ìjọ Dáfídì Mímọ́ wà títí di òní. Ọlọ́run kò fún Anna ní ọmọ tirẹ̀. Síbẹ̀ ilé náà kún fún ọmọdé. Olóyè Olúnlóyọ̀ mú ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yejídé, wá fún wọn láti kọ́ ní ìwé, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé òbí tí kò tíì mọ ohun tí ìwé ń ṣe fi ọmọ sí ọwọ́ àjèjì. Àṣà wa ni ó mú kí èyí rọrùn, nítorí pé a ti ń fi ọmọ fún ìyá mìíràn tọ́ kí òyìnbó tó dé. Àwọn ọmọ náà ń pe Anna ní Ìyá. Lójú tèmi, orúkọ yìí ṣe iṣẹ́ fún ìjọ Ìbàdàn tí ìwàásù orí ìdúró kò lè ṣe.

Ní Ìjàyè, lábẹ́ Ààrẹ Kúrunmí, ilé míṣọ́nnárì wà pẹ̀lú. Adolphus Mann àti aya rẹ̀ wà níbẹ̀ fún C.M.S., ọmọ Jámánì sì ni Mann náà gẹ́gẹ́ bí Hinderer. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Thomas Jefferson Bowen ni ó ṣáájú wọn, ẹni tí ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde ní ọdún 1858. Ó mú aya rẹ̀ Lurana wá ní ọdún 1853, wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí ilẹ̀ wa, ọmọ náà sì kú ní ìkókó. Nínú àwọn tí ó bá wọn wá nínú ìrìn àjò yẹn, Dennard àti ìyàwó rẹ̀ kú láìpẹ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Nígbà yẹn ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Kùnínì wà, ṣùgbọ́n ọdún 1854, nígbà ìrìn àjò Dókítà Baikie lórí Odò Ọya, ni ó tó hàn gbangba pé kí ènìyàn máa lò ó kí ibà tó mú un ni ó ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó mú aya rẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa ṣáájú ìgbà yẹn mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun nìkan padà lọ, tàbí kí ó jẹ́ aya òun ni yóò dá padà.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní ọdún 1860, àwọn oko tí ó wà láàrín ìlú méjèèjì di ilẹ̀ ogun. Ìbíkúnlé ni Balógun Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá sì wà lára àwọn ọ̀gágun rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Wàyí o, kí ni kí àjèjì ṣe? Mann ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní Ìjàyè. Àwọn ènìyàn tí ó ṣá wọn lọ́gbẹ́ wọ̀nyí ni aládùúgbò Hinderer, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ bàbá àwọn ọmọ tí ń sùn nínú ilé rẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè bú ìlú tí ó gbà á sí ilé. Òǹkàwé lè rò pé ó rọrùn láti wí pé kí míṣọ́nnárì má ṣe dá sí ọ̀ràn ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ iṣu ìlú ti wà nínú ọ̀ràn ìlú, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ìjàyè ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1862. Àìsàn aya Mann ti mú kí wọ́n gbé e kúrò ní ìlú náà kí ó tó ṣubú. Edward Roper, ọ̀dọ́mọkùnrin C.M.S. tí ó dúró dè wọ́n, bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, ó sì wá di ará ilé Hinderer ní Kúdẹtì. Ní ti àwọn ọmọ òrukàn Ìjàyè, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń tọ́ wọn níbẹ̀.

Ogun parí ní Ìjàyè, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ṣí. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí gbogbo ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Kí ó lè yé wa bí èyí ṣe pa ilé míṣọ́nnárì lára, ó yẹ kí a rántí irú owó tí wọ́n ń ná. Owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, 50 okùn ni egbàá, egbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ. Ẹrù ọ̀kẹ́ kan wúwo lórí alágbàrù, orí ènìyàn sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wá láti etí òkun. Owó oṣù Hinderer lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù lódindi, kí ó má sì ní iye tí yóò fi ra ẹ̀wà ní ọjà Ìbàdàn. Kò sí ilé ìfowópamọ́ tí yóò bá a sọ ọ́ di owó ẹyọ. Lẹ́tà kì í dé, oògùn kì í dé, bàtà tí ó gbó kò ní àrọ́pò.

Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí ó wà nínú ilé. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta agolo òfìfo, èyí tí ó níye lórí ní ìlú tí irú rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ń wọn oúnjẹ fún ara wọn. Àwọn ará Ìbàdàn tí kì í ṣe Kristẹni yá wọn ní owó ẹyọ, láìmọ ọjọ́ tí wọn yóò san án. Mo rò pé apá yìí nínú ìtàn náà ni a kì í sọ tó nínú ìjọ wa. A máa ń wí pé òyìnbó mú ìrànlọ́wọ́ wá fún wa. Ní Kúdẹtì láàrín ọdún 1860 sí 1865, àwa ni a gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi.

Anna kò lágbára mọ́. Ní ọdún 1865, Glover, ẹni tí ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, rán Captain Maxwell pẹ̀lú àwọn ènìyàn díẹ̀ kí wọ́n la ọ̀nà bòókẹ́lẹ́ gba inú igbó kọjá. Wọ́n gbé Anna nínú ohun tí a fi ń gbé aláìsàn, wọ́n sì yára kí àwọn tí ó dí ọ̀nà má baà gbọ́. Ọkọ rẹ̀ kò bá a lọ ní ọjọ́ náà, nítorí pé ó ní láti ṣètò ẹni tí yóò tọ́jú iṣẹ́ náà kí òun tó tẹ̀lé e. Ìpínyà irú èyí wọ́pọ̀ nínú ìdílé míṣọ́nnárì: iṣẹ́ ń fa ẹnì kan, àìsàn ń fa ìkejì.

Wọ́n sì tún padà wá ní ọdún 1866! Ọdún díẹ̀ ni wọ́n tún lò kí ara tó kọ̀ pátápátá fún wọn, wọ́n sì lọ ní ọdún 1869. Anna kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43. Ní ọdún 1872 ni wọ́n kó lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ sí ìwé kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ilé Kúdẹtì ti jáde wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìdílé òyìnbó nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Odò Ọya ní ọdún 1857, òun ni ó ń lọ, ilé rẹ̀ sì dúró sí Èkó. Susan aya rẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́ láti máa retí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní Ghana kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Ìsọ̀ ọjà ni ó bọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìdílé tí ó ti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ sí Kumasi padà wá sí ilé tí àwọn ọmọ náà kò rí rí, ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sì pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọdún 1975 tí ẹgbẹ́ CAPRO ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lọ sí ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ìbéèrè ọ̀ràn ọmọ ni ó sì máa ń le jù. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó dá ilé ìwé Hillcrest sílẹ̀ ní Jos ní ọdún 1942 fún àwọn ọmọ tiwọn, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé òbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọmọ kò ní pẹ́ padà sí ilé. Ìjọ tí ó bá fẹ́ rán ìdílé lọ láti Mọ́níyà tàbí láti Èkó yóò béèrè ohun kan náà: níbo ni ọmọ yóò ti kàwé, èdè wo ni yóò sọ, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn, ilé wo sì ni ìdílé náà yóò wọ̀ nígbà tí wọ́n bá dé fún ìsinmi? Bí ìpàdé ìjọ bá ti dáhùn wọ̀nyí, kí wọ́n tó gbé igbá ọrẹ.

Ní Kúdẹtì, Daniel Olúbí ni Hinderer fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní ọdún 1869. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó ti wà nínú ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ní ọdún 1871 wọ́n fi í jẹ oyè díákónì.