Tí Ọ̀kadà Bá Ń Ké Tí Kò Gun Òkè: Kí Ọlọ́kadà Wo Wáyà Kó Tó Ra Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá mọ Adó-Èkìtì dáadáa mọ̀ pé ìlú olókè ni. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò ní Ìjìgbò àti Òkèṣà mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ìgèdè àti Àràmọ̀kọ́ tún mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ibi òkè bẹ́ẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé ó ti rẹ òun.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọ́ ló ni ín, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san owó ẹ̀. Ọjọ́ tó bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò sówó tó máa wọlé, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀sẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí mẹkáníìkì bá ti ní kílọ́ọ̀ṣì ti lọ, kíá ni wọ́n máa ní kó pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà míì sì rèé, wáyà lásán ló ń dà á láàmú.

Nínú Boxer tí iléeṣẹ́ Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe, àti nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà mìíràn, àwọn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì ló ń tẹ̀ wọ́n pọ̀, inú ọ́ìlì ẹńjìnnì ni wọ́n sì wà. Tí wọ́n bá di ara wọn mú, agbára ẹńjìnnì á dé táyà ẹ̀yìn. Tí wọn ò bá dì mú mọ́, wọ́n á máa yọ̀.

Béèyàn ṣe máa mọ̀ kò le. Tí ọ̀kadà bá ń gòkè lórí jíà kẹta, tí wọ́n fún un níná, tí ẹńjìnnì ń ké wùùù ṣùgbọ́n tí eré ẹ̀ ò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Tí ẹńjìnnì fúnra ẹ̀ ò bá ké sókè, kábúrétọ̀ tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ló yẹ kí wọ́n wò. Tó bá sì ń ta gbà-gbà, ṣéènì ló ń fo eyín irin tó gbé e.

Wáyà ló kàn. Kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó yẹ kó rìn díẹ̀ lófìfo, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 níbi ìdí ọwọ́ náà. Bí àyè yìí ò bá sí, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí àwọn àwo náà bá ṣe ń jẹ ni àyè ọ̀hún ń dín kù, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló dáa kí wọ́n máa wò ó. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà níbi ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí àyè bá pọ̀ jù, jíà á máa wọlé pẹ̀lú ariwo, níútírà ò sì ní rọrùn láti rí.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Nọ́ńbà 20W-50 tó wà lára ike, bí ọ́ìlì ṣe ki tó nìkan ló ń sọ. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n po èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀ mọ́, ìyẹn dáa fún mọ́tò, àmọ́ ìyà ni fún kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ẹ̀. JASO MA tàbí MA2 ni kí wọ́n wá lára ike. MB kì í ṣe ti ọ̀kadà oníkílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Bí wáyà àti ọ́ìlì bá dáa tó ṣì ń yọ̀, ó di dandan kí wọ́n tú u. Kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì pọ̀ mọ́ àwo, kí wọ́n sì rẹ àwo tuntun sínú ọ́ìlì kí wọ́n tó tò ó. Kí ẹni tó ni ọ̀kadà gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kó wò ó. Bí àwo irin ẹ̀ bá ti dà bí aró, iná ti jó o. Bó bá ṣì ń dán, tí èyí tó ń di nǹkan mú ṣì nípọn, ó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá ó tiẹ̀ wo wáyà.