Ta Ni Yóò Sanwó Ẹ̀kọ́ Ọmọ Onílù?

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè pé kí ni mo rí sí òfin tó ní kí á má lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí mọ́. Wọ́n ní ṣé kò ní pa iṣẹ́ ìlù báyìí. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí òfin tó dé.

Bí a bá ní ilé-ẹ̀kọ́ orin, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ sí MUSON ní Èkó. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tiwa níbí, láti Agbamu dé Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, agboolé Àyàn ni ilé-ẹ̀kọ́ orin. Ó ní olùkọ́, ó ní akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní ìpele. Àwọn ìlù kéékèèké bíi gúdúgúdú ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀, á máa lu ohun kan náà ṣáá títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́lẹ̀. Ọdún á gorí ọdún kó tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló ń kọ́ o. Onílù ìyáàlù gbọ́dọ̀ mọ oríkì agboolé kọ̀ọ̀kan, kó mọ ẹni tó bí ta ni, kó sì mọ ohun tí wọn kì í fi ìlù sọ lójú ẹni kan.

Ta ló ń sanwó ẹ̀kọ́ gígùn yìí? Láyé àtijọ́, ààfin àti ìlú ni. Onílù ń dáko tirẹ̀, àmọ́ oúnjẹ, aṣọ àti ìpín ẹran ń wá bá a nígbà ọdún àti ìnáwó. Bí Eléwe bá fẹ́ jáde, onílù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ìlú kì í san owó ìlù ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilé onílù ni ìlú ń bọ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sì ń jẹ nínú abọ́ kan náà.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín 1970 sí 1980, ìnáwó di ńlá, lílẹ owó mọ́ iwájú orí sì di àṣà ibi gbogbo. Inú onílù dùn, àbí ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Owó dé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni owó náà ń san. Ọmọ tó ń lu gúdúgúdú lè rí díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sanwó òwúrọ̀ tí bàbá fi jókòó tì í, tó ń kọ́ ọ ní oríkì. Àwọn àgbà ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Ó sì ya lóòótọ́. Ní September 1986, nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀, dọ́là 1 tí kò tó ₦2 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦4. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó bébà wọ́n bí ojú. Ìnáwó ń lọ, owó tí èèyàn máa ná fún onílù kò sí. Ní 29 May ọdún náà, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti lé ní ₦480. Onílù tó ń ti ìlú kan lọ sí ìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó iṣẹ́ san owó ọkọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni òfin wá mú. Òfin náà kì í ṣe tuntun. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ló sọ pé ẹni tó bá ń fi náírà ṣeré lóde ìnáwó lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí kó san owó tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọdún 2024 ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn tó là, nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí rẹ̀.

Ní tèmi, òfin yìí kọ́ ló ń pa ìlù. Ohun tó ń pa á ni pé kò sẹ́ni tó ń sanwó ẹ̀kọ́. Ẹ má bú ọmọ Àyàn tó ń gun ọ̀kadà. Ọ̀kadà ń mówó wálé lóòjọ́. Bí kò bá sì sí onílù nílé, a ó ránṣẹ́ pe ti Ìlọrin tàbí Òṣogbo. Wọ́n mọ ìlù í lù, mi ò kẹ́gàn wọn. Ṣùgbọ́n àlejò onílù kò mọ baba ńlá rẹ. Oríkì olówó tó lù fún ẹnìkan náà ni yóò lù fún gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dà bí ti àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Ère tó lé ní 1,000 ni wọ́n, ìjọba sì kọ́ mùsíọ́mù fún wọn ní 1945, èyí tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Òkúta lè dúró de olówó. Oríkì tó wà lórí arúgbó kan kò lè dúró.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà gbà. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìdílé Lamidi Ayankunle kọ́ àwọn tó wá láti òkè òkun ní bàtá. Muraina Oyelami, ọmọ Ìrágbìjí tó bá Dúró Ládiípọ̀ ṣeré, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní dùndún ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ohun kan náà ló so àwọn méjèèjì pọ̀: ẹnìkan sanwó fún kíkọ́, kì í ṣe fún ijó nìkan.

Àwa níbí kò ní òyìnbó tó ń wá kọ́ṣẹ́, a ò sì ní ẹ̀ka orin yunifásítì nítòsí. Ohun tí a ní ni ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú. Mo mọ̀ pé tiransífọ́mà àti ọ̀nà ń dúró dè wọ́n. Síbẹ̀, bí a bá ń dáwó fún ọjọ́ ìlú, tí a ń háyà àga, kánópì àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, a lè yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún bàbá onílù kan àti ọmọ mẹ́ta ní àsìkò ìsinmi ilé-ìwé. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó lè bá onílù dá iye kan tẹ́lẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kó sì fi owó ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kún un. Òfin kò lòdì sí ìyẹn. Bí ọmọ Àyàn kò bá pọ̀ tó, tí àwọn àgbà agboolé sì gbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn náà kọ́ ọ.

Bí ẹ bá délé ní Iléyá tàbí Kérésì, ẹ bèèrè ohun méjì: ta ló ń lu ìyáàlù nílùú yín, ọmọ mélòó ló sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá ní kò sí ọmọ kankan, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín nígbà tí bàbá náà ṣì lè gbé ìlù kọ́ èjìká.