Ṣé O Mọ̀? Bí Àwọn Ẹ̀yà Onílẹ̀ Ṣe Fẹjọ́ Ìjọba Sùn Lójú Àgbáyé

Ṣé o mọ̀ pé ní 1923, Deskaheh, olóyè àwọn Cayuga ní Kánádà, lọ sí Geneva pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fúnra wọn ṣe? Ó fẹ́ fẹjọ́ sùn ní Àjọ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pé Kánádà ń já ìṣàkóso ilẹ̀ wọn gbà. Ó dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Wọn ò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ó di 9 oṣù Kẹjọ 1982 kí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó kọ́kọ́ jókòó, ní Geneva yìí kan náà. Ìdí nìyí tí ọjọ́ náà fi jẹ́ ọjọ́ wọn lágbàáyé. Iwájú ìgbìmọ̀ yìí ni Ken Saro-Wiwa ti ro ẹjọ́ àwọn Ogoni, ẹ̀yà rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1992, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí ìjọba ológun Nàìjíríà tó so ó kọ́.

Ṣé o gbọ́ ti Sandra Lovelace rí? Ọmọ Maliseet ni, láti Tobique ní Kánádà. Ó fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, òfin sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀yà. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú ká, kò ní ẹ̀tọ́ àtipadà máa gbé láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Bó bá ṣe ọkùnrin ló fẹ́ àjèjì ńkọ́? Òfin ò ní fọwọ́ kàn án. Kódà, ìyàwó àjèjì yẹn á di ọmọ ẹ̀yà! Ní 1977 ó kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìgbìmọ̀ yìí ò ní ọlọ́pàá, kò sì ní ẹ̀wọ̀n, síbẹ̀ wọ́n dá a láre ní 1981. Ní 1985 Kánádà tún òfin náà ṣe. Ní 2005, Sandra di sẹ́nétọ̀. Nínú gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí, èyí ló wú mi lórí jù.

Ní 13 oṣù Kẹsàn-án 2007, orílẹ̀-èdè 144 fọwọ́ sí Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Ẹ̀yà Onílẹ̀. Mẹ́rin péré ló kọ̀ ọ́: Kánádà, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti New Zealand. Kí 2010 tó parí, gbogbo wọn ti yí ohùn padà. Nàìjíríà wà lára àwọn 11 tí kò gbè síbì kankan. Ó dùn mí, nítorí ilẹ̀ wa ni Ogoni wà.

Ṣé o sì mọ̀ pé Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha dá àwọn Ogiek ti igbó Mau ní Kẹ́ńyà láre ní 2017? Ìjọba ní torí kí igbó má bàa run lòun ṣe ń lé wọn; ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe àwọn ló ba igbó jẹ́. Ní 2022 ó pàṣẹ kí wọ́n dá ilẹ̀ wọn padà, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 157 ṣílè Kẹ́ńyà. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìjọba tún ń wó ilé àwọn Ogiek nínú igbó náà.