Ìjẹ́wọ́ Níwájú Àlùfáà àti Àdúrà Inú Ìyẹ̀wù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń wí pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni àwọn ará Ìjọ Àgùdà ti ń tọrọ ìdáríjì, ṣùgbọ́n pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni àwa ti ń tọrọ tiwa. Bí a bá fi èyí kọ́ àwọn ọmọ tí a ó fi lé wa lọ́wọ́, irọ́ ni a fi kọ́ wọn.

Ìjọ méjèèjì ni ó gbà pé ti Ọlọ́run ni ìdáríjì. Ibi tí wọ́n ti yà ni ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn Àgùdà a máa tọ́ka sí Jòhánù orí 20, níbi tí Olúwa ti fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní àṣẹ lórí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní àṣẹ náà kò bá àwọn Àpọ́sítélì kú. Àwọn mìíràn a tọ́ka sí agbowó-òde inú Lúùkù orí 18, ẹni tí ó lu àyà rẹ̀ ní òkèèrè, tí ó sì lọ sí ilé ní ìdáláre, láìbá àlùfáà kankan sọ̀rọ̀.

Ní ayé àtijọ́, ní gbangba níwájú ìjọ ni ẹni tí ó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ti ń ronú pìwà dà. Ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, títí Ìgbìmọ̀ Látéránì Kẹrin fi pàṣẹ ní 1215 pé kí gbogbo ẹni tí ó ti mọ rere yàtọ̀ sí búburú jẹ́wọ́ fún àlùfáà rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òfin kan náà wí pé àlùfáà tí ó bá tú àṣírí ìjẹ́wọ́, a ó yọ ọ́ lóyè, a ó sì sé e mọ́ ilé àwọn mọ́ńkì títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn láti ibùsùn kan dé èkejì nínú ilé ìsùn wa yóò mọ ìdí tí òfin náà fi le tó bẹ́ẹ̀!

Ó ya àwa gan-an lẹ́nu láti mọ̀ pé Martin Luther kò kọ ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀; ipá tí a fi ń mú ènìyàn jẹ́wọ́, àti kíka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó kọ̀. Ìwé Àdúrà ti 1662 pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ fi ìjẹ́wọ́ gbogbo ìjọ sí ìsìn òwúrọ̀ àti ti àṣálẹ́, ó rọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ pé kí ó tọ àlùfáà lọ kí ó tó wá sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Ní tiwa, a rí i pé nínú ìyẹ̀wù ó rọrùn láti fún ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ tí ó dùn: olè a di àṣìṣe, irọ́ a di ìgbàgbé. Níwájú ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ gan-an ni a ó pè é. Ṣùgbọ́n ìtìjú ènìyàn a sì máa mú ẹlòmíràn fi èyí tí ó burú jù pamọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín wa mú ìwé akẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ òru gbàdúrà nítorí rẹ̀, nígbà tí olóhun ń wá ìwé rẹ̀ kiri. Bí ó bá tọ fadá lọ ni, ohun tí fadá yóò kọ́kọ́ bi í ni bóyá yóò dá ìwé náà padà, nítorí kò sí ìdáríjì fún ẹni tí ó fẹ́ di ohun olóhun mú. Àdúrà tirẹ̀ kò bi í bẹ́ẹ̀, nítorí òun tìkára rẹ̀ ni ó ń yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó gbé ìwé náà lọ fún olóhun ní ojú ọ̀sán, kò sì wí ju gbólóhùn kan lọ.