Ẹ̀kọ Wọ Ilé Ẹ̀kọ́: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Àdìrẹ

 

Ọ̀rọ̀ aláǹgbá kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ funfun. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ya aláǹgbá. Aláǹgbá náà dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mú sùúrù. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kẹrin sí i, mo tún ìrù rẹ̀ ṣe, mo ní, “Ó ti pé wàyí.” Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn yòókù ń mú aṣọ wọn lọ sílé, tirẹ̀ nìkan ló kù lórí tábìlì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ìyá ní, “Ó ní kì í ṣe tòun, pé Àǹtí ló yà á.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Mo rò pé mo ràn án lọ́wọ́ ni, àṣé mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún wá rántí pé n kò bi í léèrè ohunkóhun kí n tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ká ní mo bi í ni, ó ṣeé ṣe kó dá mi lóhùn ní Yorùbá. Iṣẹ́ ọmọ bọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà sì bọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a ń fún gbogbo ilé fún ìsinmi yìí nìyí: ẹ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ kékeré kan. Òfin méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ni kó ya àwòrán rẹ̀. Yorùbá sì ni kí ẹ máa sọ láti ìgbà tí ẹ bá gbé ìkòkò kaná títí ẹ ó fi sá aṣọ.

Kí ni àdìrẹ?

Ìwọ ọmọ, wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: à-dì-rẹ. “Dì” ni kí a so nǹkan pọ̀. “Rẹ” ni kí a ki nǹkan bọ inú aró kí ó mu ún. Aṣọ tí a dì tí a sì rẹ ni àdìrẹ. Ibi tí okùn bá ti di aṣọ mú, aró kò ní ráyè wọlé, ibẹ̀ yóò wà ní funfun.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tí a fi ìko dì ni àdìrẹ oníko. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí a tó rẹ ẹ́ ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ẹ̀kọ ni a fi ń ya àwòrán sára aṣọ, ẹ̀kọ náà ni kì í jẹ́ kí aró dé ibi tí ó bò.

Iṣẹ́ àwọn ìyá ni, láti ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ ọmọ. Abẹ́òkúta ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ẹni tó bá dé ọjà Ìtòkú níbẹ̀ yóò rí àdìrẹ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n ń ṣe é ní Ìbàdàn àti Òṣogbo pẹ̀lú. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún fún aró. Wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi omi eérú sí i nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á sì jẹ́ kó lo ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣeé lò.

Ẹ má rò pé ohun tí àwọn ìyá wa lò pátá ló ti ilé wá. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti òkè òkun ló jẹ́ kó rọrùn láti fi ẹ̀kọ ya àwòrán tó tín-ín-rín. Wọ́n gba aṣọ àlejò, wọ́n sọ ọ́ di ti Yorùbá. Nítorí náà, bí ọ̀dà inú ike ní Dublin bá rọ́pò ìkòkò aró, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Àwòrán tó ní orúkọ

Àwọn ìyá aládìrẹ máa ń fún àwòrán ní orúkọ. Ọ̀kan lára èyí tó lókìkí jù ni *Ìbàdàndùn*. Bí o bá wò ó dáadáa, wàá rí òpó Gbọ̀ngàn Màpó, ilé ńlá orí òkè tí wọ́n kọ́ parí ní Ìbàdàn ní 1929. Wàá tún rí ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Òmíràn ń jẹ́ *Olókun*, tí a pín sí àpótí àpótí, àwòrán tirẹ̀ nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, àwòrán ọba àti olorì náà dé ara àdìrẹ.

Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n yà. Bí ìyá kan ní Ìbàdàn bá lè ya òpó Màpó, ìwọ náà lè ya Luas. O lè ya afárá Ha’penny tó ti wà lórí odò Liffey láti 1816, tàbí ṣímínì Poolbeg méjèèjì, tàbí ẹyẹ etí òkun tó já ṣípìsì gbà lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, kí o fún aṣọ rẹ ní orúkọ. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa pe tirẹ̀ ní *Dublindùn*. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn níbí náà mọ̀ ọ́n

Àwọn òbí kan máa ń rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba ilẹ̀ Ireland gbé jáde fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1999 pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́fà: yíya àwòrán, ọ̀dà àti àwọ̀, títẹ àwòrán, amọ̀, kíkan nǹkan pọ̀, àti aṣọ pẹ̀lú òwú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan fọwọ́ kan mẹ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yín lè mú aṣọ rẹ̀ lọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, òun ni olùkọ́.

Nílé tiwa pẹ̀lú, iṣẹ́ yìí ti sọ èèyàn di ẹni ńlá. Wọ́n bí Nike Okundaye ní 1951, Ògìdì ni ìlú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé wọn ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ní 1983 ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá kọ́ ohun tí òun kọ́ nílé.

Ohun tí ẹ ó lò

- Aṣọ òwú funfun, bí àpò ìrọ̀rí tó ti gbó. Aṣọ tí kì í ṣe òwú kì í gba ọ̀dà dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ.
- Láfún ife kan àti omi ife mẹ́rin. Ẹ máa rí láfún ní ìsọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ wa, bí irú àwọn tó wà ní Moore Street. Bí kò bá sí, ẹ po fúláwà mọ́ omi tútù títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ìyẹn kò fẹ́ iná rárá.
- Ọ̀dà aṣọ, àwọ̀ aró.
- Búrọ́ọ̀ṣì kékeré, igi ìgbálẹ̀ kan, òòyà àtijọ́. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn ìyá wa ń lò, wọ́n sì ń lo òòyà náà.
- Ọ̀rá ńlá tí ẹ ó tẹ́ sórí tábìlì, àti aṣọ tí kò ní dùn yín bó bá bàjẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Àgbà ni kó se ẹ̀kọ. Ẹ fi omi tútù po láfún, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó kó má baà díkókó. Bí ó bá ki jù, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù.
2. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí ọ̀rá kó le dáadáa, ẹ lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.
3. Ọmọ ni kó yàwòrán. Kó fà, kó kán, kó tẹ̀. Bí ó bá fi ẹ̀kọ bo ibì kan, tó sì fi òòyà wọ́ ọ, yóò rí ìlà wẹ́wẹ́ tó dára púpọ̀. Ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ nípọn díẹ̀. Bí ó bá fẹ́lẹ́, ọ̀dà yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.
4. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Pẹ̀lú ojú ọjọ́ Dublin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí ìtòsí rédíétọ̀, ẹ má gbé e lé e. Bí ẹ̀kọ bá sán díẹ̀, ẹ má bínú: aró tó gba ojú sísán náà wọlé wà lára ẹwà àdìrẹ.
5. Ẹ fi omi díẹ̀ la ọ̀dà, kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lórí gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ má ki aṣọ náà bọ omi o, ẹ̀kọ yóò yọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan.
6. Ẹ fi etí ṣíbí họ ẹ̀kọ kúrò sínú ìwé ìròyìn, ẹ dà á sínú garawa ìdọ̀tí. Ẹ má dà á sí síǹkì, ó ń dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ aṣọ sínú omi tútù, ẹ fọwọ́ ra á títí yóò fi mọ́. Ẹ sá a. Nígbà tó bá gbẹ, kí àgbà fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ń họ ẹ̀kọ kúrò ni ẹ ó gbọ́ igbe ayọ̀. Funfun yóò máa jáde látinú aró díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba ṣíbí yẹn lọ́wọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa sọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ fúnra rẹ̀. *Ẹ̀kọ* ni ohun tó wà nínú ìkòkò: dò, re. *Ẹ̀kọ́* ni ohun tí a wá gbà ní Sátidé: dò, mí. Àmì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. *Èkó* sì rèé, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá. Dò, mí ni òun náà, ṣùgbọ́n kò ní àmì lábẹ́. Ẹ ní kí ọmọ sọ ọ́ kíákíá: “Mo gbé ẹ̀kọ láti Èkó wá sí ilé ẹ̀kọ́.” Ẹ jọ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe: *po, rò, fà, kán, bò, kùn, họ, rẹ, fọ̀, sá.* Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nìyẹn, kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ ọmọ kò ní bá rìn. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá ti kọ́ kì í tètè kúrò lórí.

Ẹ sì máa béèrè. Ẹ má ṣe sọ pé, “Kí ló dé tí kò lẹ́sẹ̀?” Ẹ ní, “Kí ni èyí? Níbo ló ń lọ? Ta ló wà níbí?” Bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ fi Yorùbá tún un sọ fún un láìbínú, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ àgbà

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ní ilé ìdáná yín, iná àti áyọ́ọ̀nù ni pẹpẹ: ẹ bá ọmọ ṣe é. Àwòrán ni kèrèǹgbè: ọwọ́ yín kò wọ ibẹ̀. Bí ojú kan bá tóbi ju èkejì lọ, bí ilé bá dà bíi pé ó fẹ́ wó, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ń yún yín, ẹ mú aṣọ tiyín, kí ẹ̀yin náà ya àwòrán. Bàbá kan ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ sì wá ń bi í léèrè pé, “Bàbá, kí ni èyí?”

Mo fún ọmọ ọjọ́sí ní aṣọ mìíràn. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó tún ya aláǹgbá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, “Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?” Ó ní, “Mẹ́rin.” Mo ní, “Níbo ni ìkẹrin wà?” Ó wò mí bíi pé mi ò ríran, ó ní, “Ó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kò hàn ni.”

Aṣọ yẹn bá a lọ sílé. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n gbé e sójú fóònù kí ìyá àgbà lè rí i, ìyá àgbà náà sì ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè kan náà, ó sì gba èsì kan náà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé, ẹ mú aṣọ yín wá. Kí ọmọ kọ orúkọ àwòrán rẹ̀ sí ìwé kékeré ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì wá sọ ohun tó yà fún wa. A ó so gbogbo wọn kọ́ sára ògiri kíláàsì, bí wọ́n ṣe rí.